Ọ̀rọ̀ Olóòtú: Àwọn Tó Ti Gboyè Ni Kó Jẹ́rìí Alábòójútó Wọn

Bí ayẹyẹ ìgboyè jáde bá dé ní yunifásítì wa, ẹni tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ni gbogbo ojú ń wò. Wọ́n á ka orúkọ rẹ̀ àti àkọlé ìwádìí rẹ̀, ẹbí á hó yèè, ayàwòrán á sáré síwájú. Ẹni tó ka orí kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀márùn-ún, tó ń dá èyí tó mẹ́hẹ padà, tó ń kọ lẹ́tà sí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè rí owó ìwádìí gbà, ìlà ẹ̀yìn ló jókòó sí láàárín àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀. Bí ọjọ́ Ajé bá mọ́, á padà sí ọ́fíìsì, á bá orí kejì akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn lórí tábìlì.

Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé ó ti pẹ́ jù kí àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú alábòójútó rere hàn, kí wọ́n sì fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwọn kan ti ń fi àmì-ẹ̀yẹ ṣe é, a sì kí wọn. Ṣùgbọ́n àmì-ẹ̀yẹ tí kò bá wọ fáìlì ìgbéga, tí kò sì ti ẹnu àwọn tó ti gboyè jáde wá, ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni. A ó sọ ìdí rẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ alábòójútó gan-an? Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá mọ̀ pé ó ju kí èèyàn fọwọ́ síwèé lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé orí kejì wá, ogójì ojú-ìwé, gbogbo ohun tí àwọn tó ṣáájú kọ ló kó jọ síbẹ̀. Alábòójútó tó mọṣẹ́ á mú bírò pupa. Ní ojú-ìwé kẹta, á fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan, á kọ ọ́ sétí ìwé pé, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ ńkọ́, kí lo rí?” Ní ojú-ìwé kọkànlá, á tọ́ka sí i pé ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ń gbé gẹ̀gẹ̀ wọ̀nyí, àwọn mìíràn ti já wọn ní koro tipẹ́. Ní ojú-ìwé ogún, á fagi lé odindi ìpínrọ̀ mẹ́ta. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, iṣẹ́ ti padà sọ́wọ́ oníṣẹ́, àwọn méjèèjì ti jókòó sọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì ti mọ ohun tó kàn. Irú èyí, léraléra, fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ló ń sọ ẹni tó ń kàwé di ẹni tó lè dá ìwádìí ṣe.

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ojú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń rí. Orí kejì yẹn wà lórí tábìlì, lábẹ́ fáìlì, lábẹ́ ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ọdún kìíní, fún oṣù mẹ́jọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Bó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán, akọ̀wé á yọjú sí i pé, “Prof ti bá ẹnu ọ̀nà kejì lọ. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.” Nígbà tí iṣẹ́ bá wá padà, kọ́mà méjì ni wọ́n tún ṣe ní ojú-ìwé àkọ́kọ́, ìyókù funfun báláú. Wọ́n á sì ní kó lọ tún gbogbo rẹ̀ kọ. Àwọn mìíràn ń gbé ọmọ ọ̀gá lọ síléèwé, wọ́n ń bá ọ̀gá máàkì ìwé ìdánwò, wọ́n ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún ni bírò wà.

Àpẹẹrẹ rere kò wọ́n wa nílẹ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló wà, Lọ́ńdọ̀nù ló ń fúnni lóyè. Ọdún 1962 ló dá dúró. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ìtàn níbẹ̀, tí Kenneth Dike àti J. F. Adé Àjàyí jẹ́ òpó rẹ̀, ti di ibi tí àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé ń yíjú sí bí ọ̀rọ̀ bá kan ìtàn Áfíríkà. Ibẹ̀ ni Adiele Afigbo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1964, òun lẹni àkọ́kọ́ tó gbà á nínú ìmọ̀ ìtàn ní yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò kú sí ilé ìkówèésí. Ó di ìwé The Warrant Chiefs ní 1972, nínú ọ̀wọ́ ìwé Ibadan History Series, níbi tí àpilẹ̀kọ ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀ka náà ti di ìwé tí ayé ń kà. Afigbo fúnra rẹ̀ lọ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nsukka, òun náà sì tọ́ àwọn mìíràn.

Ní Èkó, Wándé Abímbọ́lá lẹni àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Èkó, Ifá ló sì ṣèwádìí lé lórí. Ó lọ sí Ilé-Ifẹ̀, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó di gíwá. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Ifẹ̀ yẹn kan náà láti gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí oríkì ìlú Òkukù. Ìwé tó ti inú iṣẹ́ náà jáde ní 1991 kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn títí dòní fún ẹni tó bá ń ṣèwádìí lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá. Nígbà náà, àwọn òyìnbó ń wá sọ́dọ̀ wa kí a tọ́ wọn sọ́nà. Kò sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí tó dá ara rẹ̀ bí. Àgbà kan jókòó kà á, ó bá oníṣẹ́ jà lórí rẹ̀, kó tó fọwọ́ sí i.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ kánjúkánjú wà nínú ìròyìn tí ìgbìmọ̀ tó yẹ àìní àwọn yunifásítì ìjọba wò gbé jáde ní 2012. Olùkọ́ 37,504 ni wọ́n kà. Ìdá 43 nínú 100 péré ló ní oyè ọ̀mọ̀wé, nígbà tó yẹ kó jẹ́ ìdá 75. Láti ìgbà náà, yunifásítì tuntun ń hù lọ́tùn-ún lósì, ti ìjọba àti ti aládàáni, gbogbo wọn ló sì ń wá olùkọ́ tó ní oyè ọ̀mọ̀wé. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2022, tó parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún náà, jẹ odindi oṣù mẹ́jọ nínú ayé àwọn tó ń ṣèwádìí lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, jápa gba àwọn olùkọ́ tí ọwọ́ wọn gbóná jù lẹ́nu iṣẹ́. Olùkọ́ tí a ní kò tó, ẹni tó lè pèsè òmíràn kò sì tó: alábòójútó ni.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, báwo ni a ṣe ń san ẹ̀san fún alábòójútó? Ẹni tó bá jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ìgbéga rí mọ ìdáhùn. Àròkọ tó jáde nínú jọ́nà ni wọ́n ń kà: mélòó ló jáde nílẹ̀ yìí, mélòó ló jáde lókè òkun, ta ni orúkọ rẹ̀ ṣáájú. Olùkọ́ tó fi Sátidé méjì ka orí kẹrin akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti pàdánù àròkọ kan. Olùkọ́ tó ti orúkọ ara rẹ̀ bọ iwájú iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ti jèrè ọ̀kan. Iye ọmọ tí èèyàn ti tọ́ gboyè ń wọ inú ìwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí òǹkà lásán. Ẹni tó ka iṣẹ́ ọmọ mẹ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kéré níwájú ẹni tó fọwọ́ sí iṣẹ́ ọmọ méjìlá láìṣí i wò.

Owó àjẹmọ́nú fún àbójútó àwọn tó ń kàwé gboyè gíga wà nínú àdéhùn tí ìjọba àpapọ̀ bá ASUU ṣe ní 2009. Irú àjẹmọ́nú bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ẹgbẹ́ náà àti ìjọba fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ìjọba tó jẹ olùkọ́ lówó iṣẹ́ kò lè retí pé àmì-ẹ̀yẹ ni yóò fi dípò rẹ̀.

Àìṣedéédéé kan tún wà tí àwọn ará inú yunifásítì mọ̀, tí wọn kì í sọ síta. Lọ́pọ̀ ibi, orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n ló wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n olùkọ́ kékeré kan, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé tirẹ̀ lánàá òde yìí, ló ń ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Òun ló ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo kọ̀ǹpútà fi ṣe ìṣirò, òun ló ń bá a wá ìwé, òun ló ń gbé e dúró nígbà tó fẹ́ jáwọ́. Bí a bá dá àmì-ẹ̀yẹ sílẹ̀, tí a sì lọ gbé e fún ẹni tó ni orúkọ, a ti fi ontẹ̀ yunifásítì lu ìrẹ́jẹ.

Báwo wá ni a ó ṣe mọ alábòójútó rere? Ẹni tó bá fẹ́ dá a lóhùn kíákíá á ní kí a ṣí àpilẹ̀kọ, kí a ka ojú-ìwé ìdúpẹ́. Gbogbo wọn ló kún fún oríkì: baba rere, ìyá àbíyè, òkun ìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ojú-ìwé mìíràn nítòsí rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ló wà níbẹ̀, níbi tí alábòójútó ti gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú kí iṣẹ́ náà tó di ohun tí yunifásítì gbà. Ta ló máa kọ òótọ́ sí ojú-ìwé kan nígbà tó mọ̀ pé ẹni tí òun ń sọ nípa rẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí èkejì? Ìyìn tó ti ẹnu ẹni tó ṣì wà lábẹ́ àṣẹ jáde, kò sí adájọ́ tó máa gbà á ní ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá há fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tó wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kan lọ́wọ́. Bí wọn kò bá tilẹ̀ kọ orúkọ sí i, olùkọ́ á mọ ẹni tó sọ kí ni.

Àwọn tó ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé àtìgbàdégbà sáyẹ́ǹsì Nature ti ń fún àwọn tó mọ ọmọ tọ́ nínú ìwádìí ní ẹ̀bùn láti 2005, ó ń mú orílẹ̀-èdè tàbí agbègbè kan lẹ́yìn òmíràn. Ọ̀kan wà fún ẹni tó ṣì wà láàárín iṣẹ́, ọ̀kan wà fún ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe é. Ohun tó wú wa lórí níbẹ̀ ni pé ẹni márùn-ún tó ti gba abẹ́ onítọ̀hún kọjá, ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ló ń jẹ́rìí rẹ̀. Ẹni tó tọ́ ọmọ kan dáadáa nítorí pé ọmọ náà gbọ́n kò lè rí márùn-ún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, UK Council for Graduate Education pín iṣẹ́ alábòójútó sí ọ̀nà mẹ́wàá. Olùkọ́ á kọ bí òun ṣe ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fún un ní ìwé ẹ̀rí.

Ní South Africa, ìjọba ń san owó fún yunifásítì lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀. Ètò náà jẹ́ kí àwọn yunifásítì mú ọ̀rọ̀ yìí ní òkúnkúndùn, ṣùgbọ́n owó tó tẹ̀ lé òǹkà lè mú kí àwọn kan máa sáré ju bó ti yẹ lọ, a kò sì ní dábàá pé kí a gbé e wá bẹ́ẹ̀. Èyí tó sún mọ́ wa ni CARTA, àjọṣe àwọn yunifásítì Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2008, tí Ìbàdàn àti Ifẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ alábòójútó. Wọ́n gbà pé oyè ọ̀mọ̀wé nìkan kò sọ èèyàn di ẹni tó mọ ọmọ tọ́. Ó yẹ kí gbogbo yunifásítì wa gbà bẹ́ẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn alátakò yóò sọ. Wọ́n á ní iṣẹ́ tí ìjọba ń san owó oṣù rẹ̀ ni, kí ló dé tí a ó tún máa fún ẹnì kan lẹ́bùn torí pé ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀? Ìdáhùn wa kò le. Lọ́dọ̀ àwọn télọ̀ àti mẹkáníìkì, ọmọọṣẹ́ ń san owó kó tó kọ́ṣẹ́, síbẹ̀ lọ́jọ́ frídọ́ọ̀mù, ọ̀gá ni wọ́n ń pè jáde, òun ló ń gbàdúrà, níbikíbi tí ọmọ náà bá sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí, wọ́n á bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ṣẹ́. Owó kò dí wọn lọ́wọ́ láti yẹ́ ẹni tó kọ́ni sí. Yinni yinni, kí ẹni ó lè ṣe mìíràn. Yunifásítì tó ń fún ẹni tó kọ àròkọ ní ìgbéga kò lè sọ pé òun kì í san ẹ̀san fún iṣẹ́.

Wọ́n á tún ní àmì-ẹ̀yẹ ilẹ̀ wa ti di ọjà, pé bí a bá dá a sílẹ̀ lónìí, kó tó di ọdún méjì, ẹni tó bá sún mọ́ gíwá ni yóò máa gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, a kò sì ní fojú pa á rẹ́. Ìdí nìyẹn tí a kò fi fẹ́ àmì-ẹ̀yẹ tí ìgbìmọ̀ kan yóò jókòó pín ní yàrá. A fẹ́ èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ yóò ti ọwọ́ àwọn tí gíwá kò lè fún ní nǹkan kan, tí kò sì lè gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.

Ohun kẹta ni a ka sí pàtàkì jù. A kò lè yẹ́ ẹni rere sí kí a sì fi ìkà sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2018, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo rán ọ̀jọ̀gbọ́n kan lẹ́wọ̀n ọdún méjì nítorí pé ó fẹ́ fi ìbálòpọ̀ ṣe pààrọ̀ máàkì fún obìnrin kan tó ń kàwé gboyè kejì. Ní oṣù Kẹwàá 2019, BBC Africa Eye gbé ìwádìí rẹ̀ jáde lórí irú ìwà yìí ní yunifásítì kan ní Èkó àti òmíràn ní Ghana. Ní oṣù Keje 2020, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbádòfin tó fẹ́ fòpin sí i. Àṣẹ tó wà lọ́wọ́ alábòójútó lórí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju ti olùkọ́ kíláàsì lọ, torí pé ẹnì kan ṣoṣo ni, fún ọ̀pọ̀ ọdún, láàárín ògiri mẹ́rin. Bí orúkọ ẹni tó ń fìyà jẹ ọmọ bá lè yọ nínú àwọn tí a fẹ́ yẹ́ sí, ètò náà ti bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ìdájọ́ wa rèé.

Àkọ́kọ́, kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan dá àmì-ẹ̀yẹ alábòójútó sílẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé àwọn tó ti gba ìwé ẹ̀rí wọn, tí wọ́n ti kúrò níbẹ̀, nìkan ni yóò dárúkọ ẹni. Kí wọ́n má dín ní márùn-ún, kí wọ́n má sì jẹ́ ọmọ ọdún kan náà. Kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí: ọjọ́ mélòó ni orí kan ń lò lọ́wọ́ ọ̀gá, kí ló kọ sí i, ta ni orúkọ rẹ̀ ṣáájú nígbà tí àròkọ jáde, kí ló ṣe lọ́jọ́ tí owó tán. Kí orúkọ wọn wà ní ìpamọ́. Kí wọ́n sì lè dárúkọ olùkọ́ kékeré tó ṣe iṣẹ́ náà, bí orúkọ rẹ̀ kò bá tilẹ̀ sí lórí ìwé.

Èkejì, kí àbójútó tó ní ẹ̀rí báyìí ní ìwọ̀n tirẹ̀ nínú ìgbéga, kó má ṣe jẹ́ òǹkà orí nìkan. A kò sọ pé kí a má ka àròkọ mọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹni tó tọ́ olùwádìí márùn-ún yanjú má ṣe wà lẹ́yìn ẹni tó fi àkókò akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kọ àròkọ tirẹ̀. Yunifásítì fúnra rẹ̀ ló ní agbára yìí, kò sì nílò ìyọ̀ǹda Àbújá kó tó lò ó.

Ẹ̀kẹta, kí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tó ń kàwé gboyè gíga máa kọ ọjọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi orí kan sílẹ̀ àti ọjọ́ tí orí náà padà. Ìwé kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni yóò fi hàn ibi tí iṣẹ́ ti ń há. Ẹni tí iṣẹ́ bá ń há lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo, kí wọ́n má fún un ní akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ẹni tí a bá rí ẹ̀rí pé ó gba owó, ó fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, tàbí ó bá a ní ìbálòpọ̀ fún máàkì, kí a gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, kí a sì fà á lé òfin lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí a kọ́ olùkọ́ ní àbójútó kí a tó fún un ní ọmọ, kí ìjọba sì san àjẹmọ́nú tó ti fọwọ́ sí. Ẹni tó ń gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ la lè bi ní ìbéèrè.

Bí yunifásítì kan bá ṣe àmì-ẹ̀yẹ nìkan, tí kò ṣe ìyókù, a ó mọ̀ pé kò fẹ́ yí nǹkan kan padà. Ẹ̀yin gíwá àti ẹ̀yin ọmọ Sẹ́nétì, ẹ̀yin náà ní alábòójútó rí. Ẹ mọ ẹni tó ka iṣẹ́ yín àti ẹni tí kò kà á. Ẹ jẹ́ kí ìmọ̀ yẹn wọ inú ìwé ìgbéga kí ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.